Ọjọ́ tí mo di èrò nínú mọ́tò tí mò ń wà

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ mọ́tò, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì, ẹ sún mọ́bí. Ìbéèrè tẹ́ ẹ máa ń bi mí jù ni pé ṣé dandan ni kí dírẹ́bà máa so síìtì bẹ́lìtì ní gbogbo ìgbà, títí kan ìgbà tó kàn fẹ́ gbé mọ́tò láti ibí sí ọ̀hún yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ìgbà. Àmọ́ ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ lè má jẹ́ èyí tí wọ́n sọ fún yín níbi tẹ́ ẹ ti ń kọ́ṣẹ́.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, èmi náà kì í so ó. Mo máa ń fà á kọjá láyà ni, màá fi apá há a mọ́ra kí ọlọ́pàá lè rí i lókèèrè pé nǹkan dúdú kan wà láyà mi, bí mo bá ti kọjá wọn báyìí màá jẹ́ kó padà sídìí ẹ̀. Mo rò pé ọgbọ́n ni mò ń ta. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ gan-an kì í so ó, ó ní ẹni tó bá mọ mọ́tò wà kì í so ara ẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹran. Mo gbà á gbọ́ o, ọ̀gá ni.

Ọjọ́ tí ojú mi là, mi ò sáré rárá. Bọ́ọ̀sì kékeré kan ni mò ń wà, irú àwọn ti àtijọ́ tí àga iwájú wọn gùn láti ẹnu ilẹ̀kùn kan dé èkejì, rọ́bà dídán ni wọ́n fi bo àga náà. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, eré mi ò ju 50 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Ajá kan ṣàdédé já lu títì. Mo yí sítiárìn sósì lójijì, bọ́ọ̀sì lọ sósì lóòótọ́, àmọ́ èmi ò bá a lọ. Ìdí mi yọ̀ọ̀ lórí rọ́bà yẹn, ó di apá ọ̀tún níbi tí èrò ń jókòó, ẹsẹ̀ mi kúrò lórí bíréèkì, ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù tí mo fi rọ̀ mọ́ sítiárìn bí ẹni rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi, bí mo sì ṣe ń rọ̀ mọ́ ọn yẹn náà ni mò ń fà á yí padà síbi tí mi ò fẹ́. Mo ń wo bíréèkì lọ́ọ̀ọ́kán, ẹsẹ̀ mi ò tó o. Bọ́ọ̀sì yẹn ò ní dírẹ́bà mọ́, èmi tí mò ń pe ara mi ní dírẹ́bà ti di èrò. Ó gun etí títì, ó lọ gbá ògiri, iwájú orí mi gbá gíláàsì. Àpá tẹ́ ẹ máa ń wò tẹ́ ẹ ò lè béèrè nìyẹn. Ajá? Ajá ti lọ ní tiẹ̀.

Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé bẹ́lìtì ń gba ẹ̀mí là tí mọ́tò bá ti forí sọ nǹkan, òótọ́ ni, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó lè dín ewu ikú àwọn tó jókòó níwájú kù títí dé ìdajì. Àmọ́ ti dírẹ́bà tún ju ìyẹn lọ. Táyà lè bẹ́, kòtò lè gbé mọ́tò sókè, ẹlòmíì lè wá gbá yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ìdí yín bá ṣì wà lórí àga tí ẹsẹ̀ yín sì tó bíréèkì, ẹ ṣì lè rí nǹkan ṣe sí i kó tó di pé nǹkan míì tún ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ò so ó, ìgbá àkọ́kọ́ ló máa sọ ọ́ di ẹrù.

Àwọn kan á ní àwọn á fọwọ́ ti sítiárìn. Ẹ jọ̀ọ́. Tí mọ́tò bá ń sá 50, ara yín náà ń sá 50, mọ́tò dúró lára ògiri àmọ́ ara yín ò tíì gbọ́, ó ṣì ń lọ ní nǹkan bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó dà bíi kéèyàn já bọ́ láti ibi tó ga tó mítà 10. Ẹni tó bá lè fọwọ́ méjì gba ara ẹ̀ dúró níbẹ̀ kó má so bẹ́lìtì o, mi ò bá a jà. Airbag náà, báàgì tó ń tú jáde láti inú sítiárìn tí mọ́tò bá gbá nǹkan, ò dípò ẹ̀, ẹni tó so bẹ́lìtì ni wọ́n ṣe é fún, ó ń yára tú jáde ju bí ojú ṣe ń ṣẹ́ lọ, tí ara yín bá sì ti sún dé ìdí sítiárìn kó tó tú, òun gan-an lè ṣe yín léṣe.

Àwọn míì ń bẹ̀rù pé bẹ́lìtì á há àwọn mọ́nú mọ́tò: tiná bá sọ ńkọ́, tó bá já sómi ńkọ́? Ẹni tó dákú ò lè ṣí ilẹ̀kùn.

Nils Bohlin, ọmọ Sweden, ló ṣe èyí tó gba èjìká àti ìbàdí pọ̀ tá à ń lò lónìí, Volvo ló ṣe é fún ní 1959, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò yòókù máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé kó tó débẹ̀, àga tó ń ta awakọ̀ òfuurufú síta lójú ewu ló ń ṣe.

Ẹ so ó dáadáa náà o. Ti ìsàlẹ̀, egungun ìbàdí ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà, kì í ṣe ikùn, aboyún á jẹ́ kó gba abẹ́ oyún. Ti òkè, àárín èjìká ni kó gbà, kó má gba ọrùn, ẹ má sì kì í bọ abẹ́ apá torí egungun ìhà ò lágbára bíi ti èjìká. Ẹ fà á wàrà lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́dọ̀ há mọ́ yín lọ́wọ́, tí ò bá há, ẹ gbé e lọ fún mẹkáníìkì. Irin kékeré tí wọ́n ń tà tẹ́ ẹ̀ ń kì bọ ihò ẹ̀ kí mọ́tò má baà máa ké, èyí tí mo bá rí lọ́wọ́ yín màá gbà á ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín fẹ́ gbé mọ́tò láti ẹ̀yìn ilé bọ́ síwájú, mo kan gíláàsì. Ó ní ọ̀gá, ẹnu géètì níbí ni mò ń lọ o. Mo ní mo mọ̀. Mo lọ dúró síwájú bónẹ́ẹ̀tì, ó wò mí, mo wò ó, títí tí mo fi gbọ́ tí bẹ́lìtì dún kọ́.