Yàrá Ayọ̀bọ̀

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, alẹ́

Ẹsẹ̀ ń ro mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń tẹ̀lé ajẹ́ńtì kiri Ayọ̀bọ̀. A wọ kòròpẹ̀, a gun màrúwá, a fẹsẹ̀ rìn nínú ẹrẹ̀. Ilé mẹ́rin la wò, a ò rí ọ̀kan gbà. Ọmọ náà ò tíì fojú kan oorun. Ilé búrẹ́dì kan ní Àgége ló ti ń ṣiṣẹ́, òru ni wọ́n sì máa ń po ìyẹ̀fun. Ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ nígbà tó bá mi ní búsítọ́ọ̀bù.

Ilé kẹta ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Ilé tuntun ni, yàrá kan tó ní ilé ìwẹ̀ àti kíṣìnì tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀fù kọ́n. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ti ń gbé ibẹ̀, ó wá ń fi ẹsẹ̀ wọn yàrá náà: ẹsẹ̀ mẹ́wàá síbí, ẹsẹ̀ mẹ́jọ sọ́hùn-ún. "Àǹtí, bẹ́ẹ̀dì mi á gba ibí, máṣíìnì ìránṣọ màmá mi á gba ọ̀dọ̀ fèrèsé." Mo ṣí fèrèsé náà. Ògiri ilé kejì ni mo bá pàdé, ó sún mọ́ wa débi pé mo na ọwọ́ láàárín irin, mo fi kàn án. Lábẹ́ fèrèsé yẹn, ọ̀dà ti wú bí ara ẹni tí iná jó, omi ti ń gba inú ògiri gòkè. Ilé tí kò tíì pé ọdún kan!

Mo béèrè iye. 600,000 náírà lọ́dún. Agírímẹ́ǹtì 60,000, kọmíṣọ̀n 60,000, owó tí onílé máa dì mú nítorí ohun tó bá bàjẹ́, 100,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 820,000. A ṣì ń ro ìyẹn lọ́wọ́ tí ajẹ́ńtì fi rọra sọ pé, "Mọ́mì, ọdún méjì ni lándílọ́ọ̀dù fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan náà o."

Mo sọ fún un pé òfin tí ìjọba Èkó ṣe ní 2011 kò gbà kí onílé béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island ni òfin náà yọ sílẹ̀, kò yọ Ayọ̀bọ̀. Kò bá mi jiyàn. Ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, Mọ́mì, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta míì ló ń dúró de yàrá yìí." Mo wo ojú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó ti ń wọ bàtà rẹ̀ padà.

70,000 náírà ló ń gbà lóṣù, iye tí ìjọba àpapọ̀ fi lélẹ̀ ní 2024 pé owó òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ dín sí. Bó bá kó oṣù méjìlá jọ láìfọwọ́ kàn án, 840,000 ni. Tó bá san 820,000 yẹn fún ọdún kan péré, 20,000 ló kù tí yóò fi jẹun, tí yóò fi wọkọ̀ títí ọdún á fi yípo. Òun àti ẹnìkan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ti bá ara wọn sọ ọ́ pé àwọn lè jọ gbé, kí kálukú máa mú 25,000 wá lóṣooṣù. Ìyẹn gan-an ni 600,000 lọ́dún! Owó tí wọ́n ń wá wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí, àfi pé oṣooṣù ló ń wọlé fún wọn, onílé sì fẹ́ ẹ lódidi. Ibi tó ń dùn mí jù lọ nìyẹn.

Nígbà tí à ń bọ̀, a yà ní Ẹ̀sítéètì Abẹ́sàn kí ọ̀rẹ́ mi kan. Jakande ló kọ́ ibẹ̀, nígbà tó jẹ́ gómìnà Èkó láàárín 1979 sí 1983. Ilé tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan ni, búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ búlọ́ọ̀kù, aṣọ sísá kún ojú bákónì. Ó kọ́ irú rẹ̀ sí Ìsọlọ̀, Ìjàyè, Ìpónrí àti Amúwò-Ọ̀dọ̀fin. Ó kú ní 2021, àwọn ènìyàn ṣì ń tọ́mọ nínú ilé rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń kọ́ lágbègbè wa báyìí, ẹni tó ń po búrẹ́dì tàbí tó ń wa màrúwá kò sí lára àwọn tí wọ́n rò kí wọ́n tó yàwòrán rẹ̀. Mi ò bínú sí ẹni tó lówó tó kọ́lé. Ìjọba ni mo fẹ́ kó sọ fún wa, kó tó ka iye ilé tó fẹ́ kọ́, irú ẹni tó máa gbé ibẹ̀. Ní 2016, ìjọba Èkó gbé ètò kan kalẹ̀ pé kí ènìyàn san 5 nínú 100 owó ilé, kó máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá títí ilé á fi di tirẹ̀. Ètò tó mọ bí òṣìṣẹ́ ṣe ń rówó ni. Irú rẹ̀ ni mo fẹ́ fún ẹni tó ń wá yàrá kan ṣoṣo.

Ìyá ìyá mi wà lára àwọn tí wọ́n kó kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó lọ sí Sùúrùlérè lẹ́yìn 1955, nígbà tí ìjọba ń wó àwọn ilé tó fún pọ̀. Títí ó fi kú ló ń sọ pé àwọn oníbàárà òun kò bá òun débẹ̀. Ìyá mi háyà yàrá ní Múṣín. Èmi wà ní Ìpàjà. Lónìí ajẹ́ńtì na ọwọ́ sí iwájú, ó ní, "Ẹ kọjá sí Ìtẹ̀lé, ẹ máa rí i ní pọ́ọ́kú." Ìtẹ̀lé, Ìpínlẹ̀ Ògùn! Ọmọbìnrin tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Àgége lálẹ́.

Kó tó jáde ní aago méje, alájọ dé. Ọmọ náà fún un ní 1,000, wọ́n máàkì káàdì. Ó wá ń fi fóònù pín 820,000 sí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ 820, a ò tíì yọ ti alájọ. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì máa fara dà mí fúngbà díẹ̀ o." Mo ní kó yáa máa lọ kí ọkọ̀ má bàa wọ́n. Lẹ́yìn tó lọ, mo gbé àpótí mi méjèèjì kúrò nínú yàrá kékeré sí kọ̀rídọ̀, kí ó lè rí ibi gbé máṣíìnì màmá rẹ̀ sí.