Ẹ Wá Ohun Tó Dá Yùréníọ̀mù Dúró: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Òkúta

Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ òkúta àtijọ́ wò. Ìbéèrè tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ sì sábà máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, irú òkúta wo ni yùréníọ̀mù, irin wúwo tó ń tú ìtànṣán jáde, máa ń wà nínú rẹ̀? Èsì mi kì í yí padà: kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí òkúta tí kò sí nínú rẹ̀. Tọ́ọ̀nù kan nínú òkúta tó wọ́pọ̀ lórí ilẹ̀ ayé máa ń ní nǹkan bíi gíráàmù 2 sí 3. Nínú gíránáìtì, òkúta líle tó ti ara òkúta yíyọ́ dì, ó lè tó gíráàmù 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní Cigar Lake, ibi ìwakùsà kan ní ilẹ̀ Kánádà, tọ́ọ̀nù kan péré lè ní ju kìlógíráàmù 100 lọ. Ohun tó yẹ kéèyàn máa bi ara rẹ̀ ni bí gíráàmù díẹ̀ ṣe di ẹrù rẹpẹtẹ báyìí. Níbo ló ti wá? Kí ló gbé e? Kí ló dá a dúró?

Ìbéèrè kẹta yẹn ni mo ní kí ẹ dì mú.

Ti àkọ́kọ́ kò le. Átọ́ọ̀mù yùréníọ̀mù tóbi, kì í sì í ráyè wọ inú ọ̀pọ̀ àwọn àlùmọ́ọ́nì tó máa ń kọ́kọ́ dì nígbà tí òkúta yíyọ́ bá ń tutù lábẹ́ ilẹ̀. Bí àwọn yòókù ṣe ń dì, òun á máa bá èyí tó ṣẹ́ kù lọ, títí yóò fi bá gíránáìtì tó dì kẹ́yìn dì. Ìdí nìyẹn tá a fi sábà máa ń rí gíránáìtì tàbí òkúta tó jọ ọ́ nítòsí ibi tí yùréníọ̀mù bá pọ̀ sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ọ́síjìn. Ìwà méjì ni yùréníọ̀mù ní. Níbi tí ọ́síjìn kò bá sí, agbára káká ni yóò fi yọ́ nínú omi. Omi lè ti hóró rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ odò, hóró ni yóò ṣì jẹ́. Àmọ́ tí ọ́síjìn bá ti kàn án, yóò yọ́ bí iyọ̀, omi yóò sì máa gbé e kiri nínú ilẹ̀ lọ síbi tó jìnnà. Ó di ìgbà tí omi náà bá pàdé ohun tó ń gba ọ́síjìn lọ́wọ́ rẹ̀, bíi gíráfáìtì (ohun dúdú inú pẹ́ńsù), páíráìtì (àlùmọ́ọ́nì tí irin àti imí ọjọ́ para pọ̀ di), epo rọ̀bì tàbí igi tó ti kú sínú yanrìn, kí yùréníọ̀mù tó padà sí ìwà rẹ̀ àkọ́kọ́, kó sì dì mọ́ òkúta níbẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyí: kẹ́ ẹ tó wo ohunkóhun lára òkúta, ẹ béèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Ayé wa ti tó bílíọ̀nù ọdún 4.5, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún 2.4 sẹ́yìn kí ọ́síjìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ohun tí yùréníọ̀mù lè ṣe ṣáájú ìgbà yẹn yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó lè ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ wo òkúta Witwatersrand ní South Africa, tó ti lé ní bílíọ̀nù ọdún 2.7, àti ti Elliot Lake ní Kánádà, tó súnmọ́ 2.4. Òkúta odò ni méjèèjì: òkúta róbótó róbótó funfun tí yanrìn tó ti dì so pọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo àárín wọn, ẹ máa rí páíráìtì tó ń dán bí wúrà. Ọ̀pọ̀ nínú hóró rẹ̀ ló ti yí róbótó nínú odò bíi ti òkúta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn hóró dúdú yùréníọ̀mù sì wà láàárín wọn. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí i ló máa ń yà mí lẹ́nu. Tẹ́ ẹ bá da irú hóró bẹ́ẹ̀ sínú odò òde òní, ọ́síjìn kò ní pẹ́ pa á run: páíráìtì á dógùn-ún, yùréníọ̀mù á bá omi lọ. Pé wọ́n rin odò yẹn já láìbàjẹ́ jẹ́ ẹ̀rí pé afẹ́fẹ́ ìgbà náà kò ní ọ́síjìn tó ṣe é bàbàrà. (Àwọn onímọ̀ kan sọ pé omi gbígbóná wá tún yùréníọ̀mù náà tò lẹ́yìn ìgbà náà ní Witwatersrand. Mo gbà pé ó ṣe díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n páíráìtì róbótó wọ̀nyẹn ṣì ń jẹ́rìí odò.) Nínú òkúta tó kéré sí èyí lọ́jọ́ orí, a kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí irú rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn tí ọ́síjìn dé, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kó yùréníọ̀mù kúrò lára àpáta káàkiri ayé. Oklo ní ilẹ̀ Gàbọ́ọ̀nù ni àpẹẹrẹ tó wù mí jù. Níbẹ̀, omi tó gbé yùréníọ̀mù pàdé ohun dúdú tó jọ ọ̀dà, tó ti ara àwọn ẹ̀dá abẹ̀mí tíntìntín ayé ìgbà náà wá, yùréníọ̀mù sì dì síbẹ̀. Ó pọ̀ débi pé iná átọ́ọ̀mù (átọ́ọ̀mù yùréníọ̀mù tó ń pín sí méjì, tó sì ń tú ooru jáde) ràn fúnra rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún 2 sẹ́yìn, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ọdún 1972 ni àwọn onímọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, nígbà tí wọ́n ń wọn yùréníọ̀mù tó wá láti ibẹ̀. Oríṣi yùréníọ̀mù tí wọ́n ń pè ní U-235 máa ń jẹ́ 0.720 nínú ọgọ́rùn-ún níbi gbogbo tí wọ́n bá ti wọ̀n ọ́n, àmọ́ 0.717 ni wọ́n rí. Ìyàtọ̀ bíńtín ni, wọn kò sì jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n tọ ọ̀rọ̀ náà dé ibi ìwakùsà, wọ́n rí òkúta tí tirẹ̀ kò tó 0.5 pàápàá. U-235 tó dín yẹn ti jóná. Ooru iná yẹn á sọ omi inú òkúta di oru gbígbóná, iná á kú torí pé omi ló ń mú kó lè máa jó, omi tútù á tún ṣàn wọlé, iná á tún ràn. Afẹ́fẹ́ zínọ́ọ̀nù tó há sínú àlùmọ́ọ́nì kan níbẹ̀ fi hàn pé ó ń jó fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á sì sinmi fún wákàtí méjì ààbọ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún wo ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Ìdajì U-235 máa ń pòórá ní gbogbo mílíọ̀nù ọdún 704, tó yára púpọ̀ ju U-238, oríṣi yùréníọ̀mù tó pọ̀ jù, lọ. Ní bílíọ̀nù ọdún 2 sẹ́yìn, ó ju 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, èyí tó tó fún iná láti ràn. Tó bá jẹ́ ṣáájú ọ́síjìn ni, omi kò ní lè kó o jọ bẹ́ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ lónìí ni, U-235 ti kéré jù.

Àgbà kan tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ fún mi pé, "Fi dúdú yẹn sílẹ̀ ná, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kó o wò." Ọ̀rọ̀ yìí yé mi dáadáa nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀pá òkúta tí ẹ̀rọ ń gbẹ́ jáde láti inú ilẹ̀, irú èyí tí yùréníọ̀mù rẹ̀ wà níbi tí òkúta yanrìn ti jókòó lórí àpáta tó dàgbà jù ú lọ. Irú rẹ̀ ló pọ̀ ní Athabasca ní Kánádà. Ẹ da omi sí ọ̀pá náà lára kí àwọ̀ rẹ̀ lè hàn, kẹ́ ẹ sì máa wò ó láti òkè wá sísàlẹ̀. Yanrìn pupa rẹ́súrẹ́sú lẹ máa kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà, pupa á ṣí kúrò, á di funfun tàbí eérú. Òkúta á wá rọ̀, á di amọ̀ tí èékánná lè họ. Lẹ́yìn èyí ni dúdú, ìyẹn yùréníọ̀mù fúnra rẹ̀, tó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ fíìfíì. Tẹ́ ẹ bá wá fọwọ́ kan àpáta tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó lè kùn yín lọ́wọ́ bí inú pẹ́ńsù: gíráfáìtì nìyẹn. Omi iyọ̀ gbígbóná tó kún fún yùréníọ̀mù ló wá láti inú yanrìn, tó pàdé ohun tó ń bọ̀ láti ibi tí àpáta gíráfáìtì yẹn ti sán. Àwọ̀ tó ṣí àti amọ̀ yẹn gba àyè ju yùréníọ̀mù fúnra rẹ̀ lọ, nítorí náà àwọn ni ẹ máa kọ́kọ́ bá pàdé. Ti Cigar Lake wà ní nǹkan bíi mítà 450 sísàlẹ̀, amọ̀ sì bò ó débi pé ẹ̀rọ tó ń ka ìtànṣán kò gbọ́ nǹkan kan lórí ilẹ̀ òkè rẹ̀.

Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló gba ọ̀nà yìí. Ní Rössing ní Nàmíbíà, inú gíránáìtì náà gan-an ni yùréníọ̀mù jókòó sí. Ní Olympic Dam ní Ọsirélíà, òun, bàbà àti wúrà ni wọ́n jọ wà nínú àpáta tó fọ́ yángá, tí irin kún inú rẹ̀. Nígbà tí igi sì wá bo ilẹ̀ ayé, ohun tó ń dá yùréníọ̀mù dúró tún pọ̀ sí i: ní Colorado ní Amẹ́ríkà, àwọn awakùsà rí ìtì igi àtijọ́ tí yùréníọ̀mù kún inú rẹ̀ bámúbámú.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìtànṣán ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí. Pọtáṣíọ̀mù àti tóríọ̀mù, ohun méjì mìíràn inú òkúta tó ń tú ìtànṣán jáde, náà máa ń mú un dún, nítorí náà ẹ lo èyí tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Kódà nígbà tó bá jẹ́ ti yùréníọ̀mù, púpọ̀ nínú ohun tí ẹ̀rọ náà ń gbọ́ ń wá láti ara bísímọ́ọ̀tì, ọ̀kan lára àwọn ọmọ tí yùréníọ̀mù ń bí bó ṣe ń yí padà di òjé. Omi lè kó yùréníọ̀mù lọ kó sì fi àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ̀rọ máa pariwo lórí òkúta tó ti ṣófo. Ó sì lè jẹ́ pé yùréníọ̀mù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbòmíràn ni, tí kò tíì bímọ tó, kí ẹ̀rọ sì dákẹ́ níbẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ̀rọ sọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọ àwọ̀ òkúta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gé díẹ̀ ránṣẹ́ sí ibi àyẹ̀wò, látinú èyí tó pariwo àti èyí tó dákẹ́.