Dátà ti wọ́n, ẹ jẹ́ kí fóònù àti laptop yín máa bá ara wọn sọ̀rọ̀

Ohun kan wà tó máa ń dùn mí tí mo bá rí i lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa ní Abuja níbí. Ẹnì kan á fi fóònù ya fọ́tò sàtífíkéètì ẹ̀, fóònù ọ̀hún àti laptop jọ wà lórí tábìlì kan náà, síbẹ̀ á fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ sí ara ẹ̀ lórí WhatsApp, á wá lọ ṣí WhatsApp lórí laptop, á tún gbé e sọ̀kalẹ̀. Dátà lọ, dátà bọ̀. Kì í sì í ṣe dátà nìkan o, WhatsApp á ti dín fọ́tò yẹn kù lójú ọ̀nà àyàfi tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi document, tó bá wá dé ọ́fíìsì tó fẹ́ gbà á, lẹ́tà kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ò ní ṣeé kà mọ́. Látìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń darí àwọn onínẹ́tíwọ̀kì, ti fọwọ́ sí i ní January 2025 pé àwọn onínẹ́tíwọ̀kì lè fi owó lé iye tí wọ́n ń gbà títí dé 50%, èmi ò rí ìdí tá a fi máa ná dátà sórí iṣẹ́ tí okùn lásán lè ṣe.

Okùn yẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ máa ń sọ. Èyí tẹ́ ẹ fi ń cháàjì Android yín, ẹ fi so fóònù mọ́ laptop, ẹ ṣí fóònù, ẹ fa ojú ẹ̀ wálẹ̀ látòkè, ẹ máa rí ibi tó kọ ọ́ sí pé ó ń cháàjì, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ mú File transfer. Ó tán. Ẹ wá tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ E lórí laptop, fóònù yín á ti wà níbẹ̀, gbogbo fọ́tò àti fáìlì inú ẹ̀ lẹ máa rí. Tí kò bá jáde, okùn ló sábà máa ń fà á, torí ọ̀pọ̀ okùn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń gbé kiri nínú gosiló, iná nìkan ló ń gbé, wáyà tó ń gbé fáìlì ò sí nínú ẹ̀ rárá, nítorí náà tẹ́ ẹ bá dé Banex ní Wuse 2 ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé èyí tó ń gbé dátà lẹ fẹ́, kẹ́ ẹ sì dán an wò lójú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ẹni tí ò bá fẹ́ wàhálà okùn, Quick Share wà, òun ló ń gbé fáìlì láti fóònù sí laptop láìlo okùn. Nearby Share ni Google ń pè é tẹ́lẹ̀, Samsung náà ní Quick Share tiẹ̀, wọ́n wá da méjèèjì pọ̀ ní 2024. Ó ti wà nínú Android, ti Windows lẹ máa lọ gbé wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí sáìtì Google. Bluetooth ni fóònù fi ń wá laptop rí, tí wọ́n bá ti rí ara wọn tán, Wi-Fi ni fáìlì ń gbà kọjá tààrà láàárín àwọn méjèèjì, ìdí nìyẹn tó fi yá ju Bluetooth lásán lọ fíìfíì, tí kò sì kan dátà yín. Àbúrò mi tó ń ṣe àgùnbánirọ̀ ní Kubwa, fídíò ìgbéyàwó ló ń fi kó sórí laptop báyìí, àwọn fídíò ńláńlá o, kò sì ra dátà kún un.

Tó bá wá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí laptop lo íntánẹ́ẹ̀tì fóònù, ibi tó wù mí kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà rèé. Hotspot ni gbogbo èèyàn mọ̀, ó dáa, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ bátìrì fóònù, ó sì máa ń mú un gbóná, pàápàá nínú ooru March sí April tá à ń rí níbí. USB tethering ló wù mí jù. Okùn kan náà yẹn ni, ẹ lọ sí ibi tí hotspot wà nínú Settings, ẹ tan USB tethering, íntánẹ́ẹ̀tì á gba inú okùn wọlé, fóònù á sì máa cháàjì lára laptop (tí iná ò bá sí, ẹ rántí pé bátìrì laptop ló ń mu yẹn o). Àmọ́ Windows ò mọ̀ pé dátà olówó gọbọi lẹ gbé wá fún òun, Ethernet ló máa pè é, á rò pé wáyà ọ́fíìsì ni, bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé update nìyẹn, OneDrive, tó ń kó fáìlì yín lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, náà á bá a dìde. Ẹ lọ sí Settings, Network & internet, ẹ ṣí Ethernet yẹn, ẹ tan Metered connection. Windows á dá ọ̀pọ̀ update dúró, OneDrive náà á sinmi. Ẹ ṣe é fún hotspot yín náà, abẹ́ Wi-Fi ló wà. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá máa ṣe nǹkan kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kọ, èyí ni kẹ́ ẹ ṣe.

Ọ̀rọ̀ kíbọọ̀dù náà ò jìnnà sí i. Mo ń rí àwọn tó ń fi fóònù ya ojú laptop kí wọ́n lè fi nǹkan tó wà níbẹ̀ han ọ̀gá wọn, fọ́tò á wọ́, iná á máa tàn lójú ẹ̀. Windows, Shift àti S, ẹ tẹ̀ wọ́n pọ̀, ẹ fa ìlà yí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ ká, Ctrl+V lẹ máa fi lẹ̀ ẹ́ síbi tó bá wù yín. Tábù tẹ́ ẹ ṣèèṣì pa, Ctrl+Shift+T á jí i dìde. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo fi Windows+V han mọ́mì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá, wọ́n máa ń kó orúkọ àti iye tí kálukú dá láti WhatsApp sínú Word, wọ́n á ṣe copy kan, wọ́n á lọ lẹ̀ ẹ́, wọ́n á tún padà wá mú òmíràn. Mo ní kí wọ́n ṣe copy gbogbo ẹ̀ tẹ̀léra, kí wọ́n wá tẹ Windows+V nínú Word, gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe copy á tò síbẹ̀, kí wọ́n máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé kò sọ ìkankan nù ni?" Mo ní, "Rárá mà, 25 ló lè gbà." Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa tàn án, nígbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti pa laptop tán ó máa ń gbàgbé, àyàfi èyí tẹ́ ẹ bá fi pin dì mú. Larry Tesler wà lára àwọn tó bá wa gbé copy àti paste yìí kalẹ̀ ní Xerox PARC ní Amẹ́ríkà láyé àwọn 1970, ó kú ní February 2020, èmi máa ń kí i nínú ọkàn mi.

Tẹ́ ẹ bá wà níbi térò pọ̀ sí, ẹ tẹ Windows+L kẹ́ ẹ tó dìde kí laptop lè tì pa, kẹ́ ẹ sì lọ wo Quick Share yín, kó má ṣe wà lórí Everyone, níbi tí ẹnikẹ́ni tó wà nítòsí ti lè rí i. Your devices ni kẹ́ ẹ fi sí, tó bá ti jẹ́ àkáǹtì Google kan náà ló wà lórí fóònù àti laptop, fáìlì á máa wọlé láì béèrè lọ́wọ́ yín.