Etí Ni Mo Kọ́kọ́ Fi Rí Eku Etí Omi

Mo ti gbé ní Purfleet, ní ẹ̀bá odò Thames ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún bí ọdún mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé irà Rainham, tí ẹsẹ̀ lè gbé mi dé láti ilé, wà lára àwọn ibi tí eku etí omi, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní water vole, pọ̀ sí jù lọ ní ilẹ̀ yìí. Àwọn ológun ni wọ́n ń fi irà náà kọ́ ìbọn yíyìn tẹ́lẹ̀, kí RSPB, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn ẹyẹ, tó rà á ní ọdún 2000, tí wọ́n sì ṣí i fún àwọn àlejò ní 2006.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mú ọmọ mi débẹ̀, ẹranko kan sáré kọjá lẹ́bàá omi. Mo fa ọmọ sẹ́yìn, mo ní kí ó ṣọ́ra fún èkúté. Ìyá àgbà òyìnbó kan tí wọ́n jókòó nítòsí rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi sùúrù ṣàlàyé pé èkúté kọ́ nìyẹn. Imú eku etí omi kúrú, ó sì rí róbótó. Etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sínú irun tán. Ìrù rẹ̀ ní irun, kò sì gùn bíi ti èkúté, tí ó ní imú ṣóńṣó àti etí tó hàn gbangba. Ojú tì mí díẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo padà lọ láìrí nǹkan kan, nítorí pé mo ń rìn kiri bí ẹni tí ń wá owó tó sọnù. Nígbà tó yá ni mo rántí ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí wọ́n máa ń dẹ ebìtì nítòsí Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọn kì í lé òkété kiri. Ẹnu ihò ni wọ́n máa ń wò, wọn a wo koríko, wọn a wo ìgbẹ́, kí wọ́n tó sọ bóyá ẹran ṣì ń gbé inú ihò náà. Nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní Rainham, mo rí àwọn igi koríko tútù tí eku etí omi gé jọ ní òkìtì kékeré, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, tí ẹnu ibi tó ti gé wọn sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni pé ọ̀bẹ ló gé wọn. Ìgbẹ́ rẹ̀, tó fi díẹ̀ gùn ju hóró ìrẹsì lọ, máa ń wà lójú kan, nítorí pé abo a máa fi sàmì sí ilẹ̀ rẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí nǹkan wọ̀nyí ni kí ẹ jókòó sí, kí ẹ má sì rìn mọ́.

Lẹ́yìn náà, etí ló kù. Tí ẹ bá gbọ́ “pó!” bí ìgbà tí òkúta kékeré já sómi, ó ti rí yín, ó sì ti sá wọ omi. Ẹ má bínú dìde. Oúnjẹ tí ó ń jẹ lójúmọ́ tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀, nítorí náà ebi kì í jẹ́ kí ó fara pamọ́ pẹ́. Ìró tí ẹ óò gbọ́ tẹ̀ lé e dà bíi ti ọmọdé tí ń jẹ ìrèké, ẹ óò sì rí i tí ó fi ọwọ́ méjèèjì di koríko mú bí ẹni tí ń jẹ àgbàdo sísun.

Ìgbà ooru ní ìṣòro tirẹ̀. Tí oṣù Keje bá dé, koríko etí omi a ti ga bí eèsún, a sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òwúrọ̀ oṣù Karùn-ún tàbí Kẹfà ni mo yàn láàyò, lórí afárá pákó, níbi tí omi ti hàn ketekete. Níbẹ̀ ni lámilámi ti ń fò kọjá, tí àwọn kọ̀ǹkọ̀ ń ké bí ẹni tí ń rẹ́rìn-ín, tí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó fò wá láti gúúsù Áfíríkà sì ń mú kòkòrò lójú òfuurufú. Mo rí lékeléke náà, àmọ́ kì í ṣe irú tiwa tí ń tẹ̀ lé màlúù: ẹnu tirẹ̀ dúdú, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì pupa bí òróró.

Ọ̀tá eku etí omi tó burú jù ni mink, ẹranko tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà láti máa sìn nítorí awọ rẹ̀, tí àwọn kan nínú wọn sì sá lọ sínú igbó. Abo mink kéré tó láti wọ inú ihò eku náà, kò sì síbi tí eku yóò sá sí mọ́.

Mo fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi lórí WhatsApp. Wọ́n bi mí bóyá ó dùn lọ́bẹ̀. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, láti 2008 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa á; òfin kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ba ihò rẹ̀ jẹ́.” Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní kí n máa jókòó síbi tí atẹ́gùn yóò ti máa fẹ́ láti ọ̀dọ̀ eku wá sọ́dọ̀ mi, nítorí pé yóò ti gbóòórùn mi kí ojú rẹ̀ tó tó mi.