Ṣóògíláàsì Aláwòrán: Ibi Tí Iṣẹ́ Dé

Àpótí tí mo fẹ́ máa fi gbé àwòrán mi lọ bá àwọn èèyàn lọ́jà ti dìde. Plywood ni ẹ̀yìn àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì rí gẹ́lẹ́ bíi ṣóògíláàsì tí àwọn oníbọ́ńsì ń gbé kalẹ̀ lẹ́bàá títì. Perspex, ike tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ni mo fi ṣe ojú rẹ̀, torí ọ̀kadà àti kòtò Abẹ́òkúta kò ní jẹ́ kí gíláàsì pẹ́. Ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 50, ó fẹ̀ ní 40. Ó gba orí itan, ó sì wọ búùtù Micra.

Inú rẹ̀ ló gba àkókò jù. Mo fi ayùn la ojú tóóró sára pákó ẹ̀gbẹ́ kí àwòrán lè máa wọ́ wọlé, wọ́ jáde. Mo wá fi àrán dúdú tẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan kí etí páálí má baà ha. Bí mo bá ti fa ọ̀kan, ó ń yọ́ bọ̀ wẹ́rẹ́. Inú mi dùn sí èyí gan-an.

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀: Marcel Duchamp, ayàwòrán ọmọ Faransé, ti to ẹ̀dà kéékèèké iṣẹ́ rẹ̀ 69 sínú àpótí tó ṣeé gbé lọ́wọ́, láàárín 1935 sí 1941. Nígbà tí àwọn ológun Jámánì gba Paris, ó díbọ́n bí oníṣòwò wàràkàṣì kó lè kó àwọn ohun èlò rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n Nana Oforiatta Ayim ti Ghana ni mo wò ṣe. Ní 2015, inú kíósì ló gbé mùsíọ́mù rẹ̀ sí níbi ayẹyẹ iṣẹ́ ọnà Chale Wote ní Accra. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ra nǹkan ní kíósì níbẹ̀. Ta ló máa bẹ̀rù àtiyọjú sí i? Ìdí tí mo fi mú ṣóògíláàsì nìyẹn.

Èmi ò bá pàtẹ àwòrán ńlá jà o. ART X Lagos, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ti gbé ọ̀pọ̀ ayàwòrán wa dé iwájú ayé. Àmọ́ ẹni tí kò wọ irú gbọ̀ngán bẹ́ẹ̀ rí kì í fẹ́ béèrè iye owó. Àwa tí a ni eré alárìnjó, kí ló dé tí àwòrán tiwa á fi jókòó sójú kan?

Ọjà Ìtòkú, láàárín àwọn aládìrẹ, ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ. Màmá kan fi aṣọ sílẹ̀, ó ní, "Èló lèyí?" Kò tíì béèrè ohun tó jẹ́. Mo ní, "Líno ni, mà. Ọwọ́ ni mo fi gbẹ́ ẹ kí n tó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà." Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó fi ìka tọ àwọn ìlà funfun. "Ibi tí o gbẹ́ kúrò ni kò gba àwọ̀. Ibi tí àwa ń fi ẹ̀kọ dí náà nìyẹn, ọmọ mi." Ó ra àwòrán ẹyẹ kan, ó sì pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò.

Ó ku ìkọ́ ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, okùn èjìká àti páálí tí màá fi nọ́ńbà gàdàgbà kọ iye owó sí. Condo, ètò àwọn gálárì (ilé tí wọ́n ti ń ṣàfihàn àwòrán) tó bẹ̀rẹ̀ ní London ní 2016, ni mo ti rí èyí tó kàn: gálárì ibẹ̀ máa ń fún gálárì àlejò láyè nínú ilé tirẹ̀. Tí mo bá ń lọ sí Lafẹ́nwá, ìdajì àpótí yìí á jẹ́ ti àwọn ayàwòrán mìíràn, láìsan kọ́bọ̀.