Inú ẹran tí mo ń jù sí ajá ní tútù, àti ohun tójú mi rí kí n tó jáwọ́

Ọkùn o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ajá ni mo fẹ́ bá yín sọ, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ajá ọdẹ lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, torí ẹ̀ẹ̀rùn ti ń wọlé, wọn ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sun ìgbẹ́, ọ̀yà á máa sá jáde, kálukú á sì fẹ́ mú ajá ẹ̀ lọ. Ìsánlú ni mò ń gbé, ọmọ ọdẹ ni mí, bàbá mi dọdẹ títí ojú wọn fi di bàìbàì, àtìgbà tí mo sì ti gbọ́njú, ajá ò wọ́n nílé wa rí.

Bí mo ṣe bá a nílẹ̀ nìyí: tí wọ́n bá ti pa ẹran, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa la inú ẹ̀, ìfun, fùkù, ẹ̀jẹ̀, nígbà míì ẹ̀dọ̀ díẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á jù ú sí ajá bó ṣe ń gbóná jáde. Ìpín ajá nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ẹ̀. Bàbá mi máa ń sọ pé ajá tí ò bá tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò nínú igbó ò ní mọ ohun tó ń torí ẹ̀ sáré. Mi ò bú wọn o, ajá wọn máa ń mú ẹran dáadáa. Àmọ́ tí mo bá rántí báyìí, ajá wọn kì í pẹ́. Ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́rin, ajá ti rù, ajá ti kú, wọ́n á ní ìgbẹ́ ló mú un, wọ́n á lọ wá ọmọ ajá míì. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe ń ṣe é, mi ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, àfìgbà tí Dúródemí kú.

Dúródemí, akọ pupa kan báyìí. Mi ò kọ́ ọ, òun fúnra ẹ̀ ni, tí mo bá jókòó sílẹ̀ láti yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀, kódà kí ẹran máa sá lọ lọ́ọ̀ọ́kán, á padà wá dúró tì mí títí màá fi dìde, ibẹ̀ lorúkọ ẹ̀ ti wá. Lọ́jọ́ kan ọmọ àdúgbò wa gbé òkété kan wá, ó ní òun rí i lẹ́bàá oko, ó ti kú àmọ́ ara ẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ fún Dúródemí". Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yẹn, mo ju òkété sí ajá bó ṣe wà, torí-tìrù. Kò tó wákàtí kan tí itọ́ fi ń dà lẹ́nu ẹ̀ bí omi, ó ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ò gbé e mọ́, ó ń yàgbẹ́ sára, ẹyin ojú ẹ̀ sún kì, dúdú inú ẹ̀ wá kéré bí ojú abẹ́rẹ́. A sáré bu epo pupa fún un, ohun tí gbogbo ilé ń ṣe nìyẹn. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tó fi kú, orí ẹ̀ wà lórí itan mi.

Ọjọ́ kẹta la tó gbọ́ pé ẹnì kan ló po oògùn kòkòrò mọ́ èkùrọ́ nítorí òkété tó ń jẹ iṣu ẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé òkété ní àpò lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ibẹ̀ ló máa ń kó oúnjẹ sí gbé lọ sínú ihò, kì í gbé gbogbo ẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan náà. Òkété yẹn kú tòun ti májèlé lẹ́nu, èmi ni mo wá fi ọwọ́ ara mi jù ú sí ajá mi. Dókítà ẹranko tí mo lọ bá ní Kàbà nígbà tó yá sọ fún mi pé bí mo ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yẹn, ó jọ àwọn oògùn kòkòrò tó ń ba iṣan jẹ́, irú tí ọ̀tàpíàpíà wà lára wọn, ó ní abẹ́rẹ́ wà fún un, atropine, àmọ́ wéré ni èèyàn gbọ́dọ̀ gbé ajá dé. Epo pupa kì í pa májèlé yẹn. Ajá tó ń gbọ̀n tó ń da itọ́ ò lè gbé nǹkan mì dáadáa, epo tẹ́ ẹ bá dà sí i lọ́fun lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, kí ìyẹn tún wá fún un pa. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. NAFDAC ti ní kí wọ́n má ta ike kékeré 100ml ọ̀tàpíàpíà mọ́, àmọ́ ẹ ṣáà ń rí i lọ́jà báyìí náà.

Látọjọ́ yẹn, ẹran tí mi ò bá mọ ikú tó pa á, kò wọ ẹnu ajá mi. Mo tún fi kún un pé kò wọ ọbẹ̀ wa náà. Ẹ rántí 2023, oṣù keje, tí wọ́n rí àrùn anthrax nínú ẹran ọ̀sìn ní ìpínlẹ̀ Niger tó bá wa pààlà níbí. Ẹran tẹ́ ẹ bá bá nínú igbó tó ti kú, tí ara ẹ̀ ò gan, tó wú kíákíá, tí ẹ̀jẹ̀ tí ò dì ń jáde nímú àti nídìí ẹ̀, ẹ má là á o, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe ajá yín kúrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ lọ sọ fún àwọn dókítà ẹranko ìjọba. Títu inú ẹ̀ gan-an ló ń tú àrùn náà sáfẹ́fẹ́ àti sílẹ̀.

Ó wá ku Ìfura. Abo dúdú ni, òun ló mú mi mọ ọ̀rọ̀ inú ẹran yìí tán. Ajá ń jẹun bí iná, síbẹ̀ ó ń rù, irun ẹ̀ ò dán, ó ń fìdí wọ́lẹ̀. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí i, nǹkan funfun bí hóró ìrẹsì lábẹ́ ìrù ẹ̀, ó sì ń mira. Mo tún gbé e tọ dókítà yẹn lọ. Ó bi mí pé kí ni mo ń fún un jẹ, mo ní a ò fi nǹkan jẹ ẹ́ níyà, inú ehoro, inú ọ̀yà, gbogbo ohun tí ọdẹ bá pa. Ó ní hóró ìrẹsì tẹ́ ẹ rí yẹn, ara aràn tó gùn pẹlẹbẹ bíi téèpù ló ń já díẹ̀díẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ẹyin ló kún inú ẹ̀. Ó wá ní kí n lọ sílé, ehoro tí mo bá pa, kí n la inú ẹ̀ kí n wo ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá tó bo ìfun dáadáa kí n tó ju nǹkan kan sí ajá.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí wọn. Àpò kéékèèké bí ìléròrò, òmíì ò ju ẹ̀wà lọ, omi wà nínú ẹ̀, tóótó funfun kan sì wà láàárín. Mo ti ń rí i láti kékeré, mo sì rò pé ọ̀rá ni! Aràn tó ń dúró de ajá ni. Bó ṣe ń yí po nìyí: ajá yàgbẹ́ sórí koríko, ẹyin aràn wà nínú ẹ̀, ehoro jẹ koríko yẹn, ẹyin pa nínú ehoro, ó lọ di àpò omi lára ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá inú ẹ̀, ọdẹ pa ehoro, ó ju inú ẹ̀ sí ajá ní tútù, aràn dàgbà nínú ajá, ajá tún yàgbẹ́. Àwa ọdẹ la so ó pọ̀. Bí a bá sè é, ó parí síbẹ̀.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù kò sí nínú ehoro o, inú ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù tí à ń pa nílé ló wà. Ẹ ò rí i, tó bá di Kérésì tàbí Iléyá, tàbí tí wọ́n ń sìnkú àgbà, ẹni tó ń dú ẹran á rí àpò omi ńlá lára ẹ̀dọ̀ tàbí fùkù, á gé e, á ní "èyí ò dáa fún èèyàn", á jù ú sí ajá. Nínú àpò yẹn ni irú aràn kan wà, Echinococcus lorúkọ ẹ̀, kékeré ni, kò ju ìwọ̀n mìlímítà mélòó kan lọ nínú ajá, ajá ò ní rù, ẹ ò ní rí hóró ìrẹsì kankan, ẹ ò ní mọ̀ rárá. Ọmọ yín á fọwọ́ pa ajá lára, á fọwọ́ yẹn jẹ àkàrà, ẹyin aràn á wọlé sí i nínú, á sì di àpò omi sínú ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ èèyàn, ó lè lo ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fara hàn, nígbà míì iṣẹ́ abẹ ló ń yọ ọ́. Ọmọ mi tó kéré jù máa ń sùn lé Ìfura lórí. Mo wolé lóru ọjọ́ yẹn, mo ń wo àwọn méjèèjì, oorun ò kùn mí.

Oògùn tí dókítà fún Ìfura ni praziquantel, ó wọ̀n ọ́n kó tó mọ iye tó máa lò. Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa, ọ̀pọ̀ oògùn aràn tẹ́ ẹ ń rà ní kẹ́míìsì, aràn róbótó ló ń pa, kì í pa èyí tó dà bíi téèpù, ẹ béèrè. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni mò ń fún àwọn ajá mi báyìí, mo sì ń kó ìgbẹ́ wọn sin. Ó lé ní ọdún kan kí ara Ìfura tó padà bọ̀ sípò pátápátá.

Báwo ni mo wá ń ṣe é? Ìkòkò kan wà tó jẹ́ tàwọn ajá. Inú ẹran tí mo bá pa, mo ń fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bọ ọwọ́ kí n tó là á, èyí tó bá ní àpò omi tàbí ìléròrò, mo ń jó o tàbí kí n gbẹ́ ilẹ̀ jìn kí n bò ó, kí ajá má baà hú u. Ìyókù, mo ń gé e wẹ́wẹ́, mo ń tú ìfun kí n sì fọ̀ ọ́, tó bá ti hó, mo ń jẹ́ kó lo ó kéré tán ìdajì wákàtí sí i lórí iná. Igi ìdáná ò wọ́n nínú oko, kí là ń ṣahun fún.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ṣebí àwọn òyìnbó ń fi ẹran tútù bọ́ ajá, ó rí i lórí fóònù. Òótọ́ ni, àwọn kan ń ṣe é lọ́hùn-ún, wọ́n sì fẹ́ràn ajá wọn, mi ò bá wọn jà. Ẹran tí wọ́n ti yẹ̀ wò ni wọ́n ń rà, ẹran inú fírísà wọn kì í yọ́ nítorí iná lọ. Síbẹ̀ náà, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 2012, gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n má fún ajá àti olóńgbò ní ẹran tí a ò sè, torí kòkòrò bíi Salmonella tó lè ti inú abọ́ ajá dé ara ọmọ ilé. Fírísà ò pa Salmonella o, ó kàn ń mú un sùn ni. Èrò tèmi ni pé ẹran ara lásán tí mo fọwọ́ mi pa lójúmọmọ, tó ṣì mọ́, tí mo já gbẹ́rẹ́ fún ajá, ìyẹn kì í dẹ́rù bà mí bíi ti inú ẹran. Àmọ́ túrúkú àti ìmàdò, láé! Irú aràn kan wà tó ń fara pamọ́ sínú ẹran ara gan-an, Trichinella, ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́ sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń gbé e kiri, kì í ṣe nǹkan téèyàn lè fojú rí.

Ojú ọta náà, ẹ máa gé e sọnù. Òjé ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú ọta ìbọn ṣakabùlà, ó sì máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ sínú ẹran kọjá ibi tí ihò wà. Àwa la máa ń gé ibẹ̀ fún ajá, a ní ẹ̀jẹ̀ ti bà á jẹ́. Òjé ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó ń mú èébì wá, ó sì ń mú gìrì wá. Mo ń gbẹ́ ẹ fẹ̀ dáadáa, mo ń sin ín.

Eegun tí a ti sè ńkọ́? Ẹ yọ ọ́, pàápàá eegun ẹtù, àparò, adìyẹ àti ti ọ̀yà kékeré, ó máa ń là ṣóńṣó, ó lè gún ìfun. Ajá ẹ̀gbọ́n mi kan bá a lọ lẹ́yìn ìgbéyàwó, eegun adìyẹ ni. Kẹ́ ẹ má sì fi ẹran nìkan bọ́ ọmọ ajá, eegun ara ẹ̀ ò ní le, ẹran ò ní èròjà tó ń mú eegun gbó, ẹ pò ó mọ́ oúnjẹ míì. Ọbẹ̀ tí alùbọ́sà kún inú ẹ̀ náà, ẹ má dà á fún wọn, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́.

Ti dìgbòlugi, mi ò ní fi gùn. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tàbí akátá tó bá jáde lójúmọmọ tí ò sá féèyàn, ẹ má jẹ́ kí ajá yín bá a jà, ká má tíì wá sọ pé kó jẹ ẹ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára láti oṣù mẹ́ta, kẹ́ ẹ tún un gbà lọ́dọọdún. Ẹni tí ajá bá bù jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, kó tó máa lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró wò ó bóyá ajá á yí padà.

Nígbà tí mo sọ gbogbo èyí fún bàbá mi, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Kí lo máa wá fún ajá lójú ibi tó ti ṣiṣẹ́?" Ìbéèrè yẹn dùn mí nínú torí òótọ́ ni, ajá tó sáré títí tó fi rí ẹran, kò yẹ kó padà sílé lásán kó tó mọ̀ pé a rí òun. Mo rò ó tó ọ̀sẹ̀ méjì. Báyìí, ẹran tí a ti sè tí a tún yan gbẹ wà nínú àpò ọdẹ mi nígbà gbogbo, tí a bá ti pa ẹran, kí n tó fọwọ́ kan òkú ẹran rárá, màá pe Ìfura, màá fún un lẹ́nu ibẹ̀, màá fọwọ́ pa á lórí. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń wo inú ẹran yẹn, ó ń wò mí. Lẹ́ẹ̀kẹta ó ti mọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àpò mi ló kọ́kọ́ ń wò.

Ó ti bímọ, akọ kan nínú wọn pupa. Oṣù mẹ́ta ẹ̀ á pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo ti bá dókítà sọ ọ́, ọjọ́ Ẹtì la máa lọ gba abẹ́rẹ́ ní Kàbà.