Ìwé àkọsílẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé lọ sí àpérò òfin POS

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tí àṣìṣe ti ń ṣẹlẹ̀ bẹ̀rẹ̀: àpérò lórí òfin POS àti owó orí ẹ̀rọ kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ṣe òfin. Kí wọ́n tó to àga sínú gbọ̀ngàn, ìwé ti jáde. Bí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, tí gbogbo wa ń pè ní CBN, bá fẹ́ gbé ìlànà ńlá kalẹ̀, ó sábà máa ń kọ́kọ́ fi ìwé àbá sórí ìkànnì rẹ̀, á sì dá ọjọ́ tí èsì aráàlú gbọ́dọ̀ ti dé. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni gbólóhùn kan ṣì lè yí padà. Bó bá di àpérò, àlàyé ohun tí wọ́n ti fọwọ́ sí ló máa ń pọ̀ jù, ìṣẹ́jú méjì péré sì ni ẹni tó bá nawọ́ máa rí.

Àwọn báńkì mọ èyí. Wọ́n ní lọ́yà, wọ́n ní òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa ka ìwé CBN lọ. OníPOS tó jókòó sábẹ́ agboòrùn ní Pánṣẹ́kẹ́, l'Ábẹ́òkúta níbí, kò ní. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ohun tó ń dunni nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn tó mọ bí owó ṣe ń há jù lọ ni ohùn wọn kì í sí nínú ìwé. Wọ́n á dé àpérò, wọ́n á ní ìyà ń jẹ àwọn, àwọn tó wà níwájú á ní àwọn ti gbọ́, ó parí. Ọ̀rọ̀ tí aláṣẹ lè kọ sílẹ̀ kó sì gbé lọ sí ọ́fíìsì ni èyí tó ní nọ́ńbà abala, tó ní iye, tó sì ní ọjọ́.

Abẹ́òkúta kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọ̀rọ̀ yìí. CBN bẹ̀rẹ̀ ètò dídín owó bébà kù ní Èkó lọ́dún 2012, Ògùn sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kàn ní oṣù keje ọdún 2013. Nígbà ọ̀wọ́n owó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ọ̀dọ̀ àwọn oníPOS ni gbogbo ìlú sáré lọ.

Ohun mẹ́ta ló wà nílẹ̀ báyìí tó kan àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí láti Kútọ̀ dé Láfẹ́nwá. Àkọ́kọ́ ni iye tí wọ́n lè san jáde. Ìwé àṣẹ oṣù kejìlá ọdún 2024 ní ₦1,200,000 ni oníPOS kan lè san jáde lóòjọ́, oníbàárà kan kò sì gbọ́dọ̀ gbà ju ₦100,000 lọ lóòjọ́. Ìlànà tuntun tó jáde ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá ọdún 2025 di iye yìí mú. Ẹ ṣírò ẹ̀: oníbàárà 12 tó bá gba ₦100,000, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti parí. Bí kálukú bá gba ₦20,000, ó di 60. Ní àdúgbò tó dákẹ́, èèyàn lè má débẹ̀. Ní Ìtòkú, níbi táwọn èèyàn ti ń ra àdìrẹ ní ìdì-ìdì, ó lè kún kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni tó bá wá dìde ní àpérò tó kàn sọ pé kí wọ́n gbé e sókè kò tíì sọ nǹkan. Kó mú iye dání: nínú ọjọ́ 30, ọjọ́ mélòó ni ìwọ̀n kún, aago mélòó ló kún, oníbàárà mélòó ló sì dá padà lẹ́yìn náà.

Ìkejì ni pé láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2026, ọ̀gá kan ṣoṣo, ìyẹn báńkì tàbí ilé iṣẹ́ tó ń lò ó, ni oníPOS gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ fún. Ìdí tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀ kò ṣòro láti lóye: bí owó bá sọnù, kí ẹni tó máa dáhùn má baà pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ méjì mẹ́ta tó máa ń wà lórí tábìlì kì í ṣe fún ẹ̀ṣọ́. Tí ti ilé iṣẹ́ kan bá kú, wọ́n á gbé ìkejì. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n gbé lọ sí àpérò nìyí: wákàtí mélòó ni ẹ̀rọ ọ̀gá kan lè fi wà ní kíkú kí òfin tó gba oníPOS láàyè láti lo ti ẹlòmíì? Ẹ béèrè fún nọ́ńbà. Ìlérí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì á dáa kò ṣeé gbé kalẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni lọ́la.

Ìkẹta ni mo rò pé ó le jù, òun náà sì ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí díẹ̀ jù. Ìwé àṣẹ oṣù kẹjọ ọdún 2025 ní kí wọ́n fi ibi tí ẹ̀rọ wà sínú ẹ̀rọ gan-an, kí ẹ̀rọ má sì ṣiṣẹ́ kọjá mítà 10 sí ibi tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mítà 10 kò jìnnà. Ẹ mú téèpù àwọn bíríkìlà, ẹ fi ẹnu rẹ̀ há ẹsẹ̀ tábìlì, ẹ fà á. Fún àgbàlagbà, kò ju nǹkan bí ìṣísẹ̀ 13 lọ. Ẹni tó ń jókòó sí apá kan títì láàárọ̀, tó sì ń gbé agboòrùn sọdá sí apá kejì bí oòrùn bá yí, ti kọjá rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń wo ibi téèyàn wà pàápàá máa ń ṣì í. Fóònù tó wà ní gbangba, tí nǹkan kan kò bo ojú ọ̀run mọ́ ọn, lè fi nǹkan bíi mítà 5 ṣì ibi tó wà. Sábẹ́ páànù, láàárín ilé alájà méjì, tàbí lẹ́bàá àpáta, tó sì pọ̀ nílùú wa, ó máa ń burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé àmì rédíò tó ń ti sátẹ́láìtì bọ̀ máa ń ta lára ògiri kó tó dé. Nítorí náà, bí wọ́n bá wá ka ibùdó yín sínú ẹ̀rọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ gbé ẹ̀rọ jáde, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú méjì, kí wọ́n tó kà á. Lẹ́yìn náà, ẹ fi máàpù orí fóònù yín ka nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí tábìlì wà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ kọ nọ́ńbà márùn-ún tó tẹ̀lé póìǹtì. Ìkẹrin nínú wọn ń sọ nǹkan bíi mítà 11, ìkarùn-ún ń sọ mítà kan ó lé díẹ̀. Bí ìkẹrin bá ń fi ju ẹyọ kan lọ yí padà láti àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ nígbà tí tábìlì kò kúrò lójú kan, ẹ̀rí nìyẹn pé mítà 10 kò bá ibẹ̀ mu. Ibùdó mẹ́wàá tí wọ́n bá kà báyìí ní Pánṣẹ́kẹ́ àti Sàpọ́n tó ìwé kan láti fi jà.

Ó wá ku owó tó há, tí ìjà rẹ̀ kì í tán. Ẹ ra ìwé ìlà, irú èyí táwọn ọmọ iléèwé ń lò, ẹ pín in sí ọ̀nà méje: ọjọ́, aago, iye, nọ́ńbà ẹ̀rọ, RRN, kódù tí ẹ̀rọ mú wá, àti ọjọ́ òun aago tí owó padà. RRN ni nọ́ńbà 12 orí rìsíìtì, òun ni báńkì fi ń wá owó rí. Bó bá jẹ́ tíránsífà ni, Session ID ni kẹ́ ẹ kọ dípò rẹ̀. Nọ́ńbà 30 ni, ó sì ṣeé kà bí èèyàn bá mọ̀ ọ́n: mẹ́fà àkọ́kọ́ ni kódù ilé iṣẹ́ tó fi owó ránṣẹ́, méjìlá tó tẹ̀ lé e ni ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú àti sẹ́kọ́ǹdì, méjì-méjì. Oníbàárà tó ní òun fi owó ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, tí ọjọ́ àná sì wà nínú nọ́ńbà tó gbé wá, ẹ ti rí èsì ẹ̀. Ẹ má kọ nọ́ńbà káàdì tàbí BVN ẹnikẹ́ni sínú ìwé yìí o.

Kódù lọ̀pọ̀ èèyàn kì í kọ, bẹ́ẹ̀ òun ló ń sọ ibi tí ẹ̀bi wà. 51: owó inú àkáǹtì kò tó. 55: PIN kò tọ̀nà. 61: oníbàárà ti kọjá iye tí báńkì rẹ̀ gbà á láàyè. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kì í ṣe ẹjọ́ àpérò, ẹ yọ wọ́n kúrò. 91 ni kẹ́ ẹ kà dáadáa: báńkì oníbàárà, tàbí ẹ̀rọ tó wà lójú ọ̀nà tó lọ síbẹ̀, kò dáhùn.

Bí owó ṣe ń há nìyí. Iṣẹ́ máa ń ti orí ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kó gbogbo iṣẹ́ POS jọ, ibẹ̀ ló ti ń gba ojú ọ̀nà lọ sí báńkì. Báńkì á yọ owó, á dáhùn pé ó ti dáa, ìdáhùn náà á sọnù lọ́nà tàbí kó pẹ́ ju bí ẹ̀rọ ṣe lè dúró lọ. Ẹ̀rọ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ṣeé ṣe, fóònù oníbàárà á sì ké pé wọ́n ti yọ owó. Ó yẹ kí ẹ̀rọ rán iṣẹ́ míì tó máa pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, àmọ́ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti kú, kò ní lọ àfi tó bá jí. Álẹ́ẹ̀tì tó wà lórí fóònù oníbàárà kò sọ pé owó ti dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ má ka owó fún un, ẹ má sì jẹ́ kó tún káàdì fi lójú ẹsẹ̀, torí ìkejì náà lè há.

Láti ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 2020, àṣẹ CBN ni pé kí ọ̀rọ̀ owó POS tó há yanjú láàárín wákàtí 72. Nítorí náà, ọ̀nà keje inú ìwé yín ni ẹjọ́ wà. Bí èèyàn mẹ́wàá bá kọ ìwé yìí fún oṣù kan, tí wọ́n pa á pọ̀, ẹnì kan lè dìde ní àpérò, kó sọ pé nínú iye báyìí tó há, iye báyìí ló kọjá wákàtí 72, RRN wọn sì rèé. Ìṣẹ́jú méjì tó o, ó tún ṣẹ́kù.

Ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ máa bi. Láti ìgbà tí CBN ti pín ìwé àṣẹ (láísẹ́ǹsì) àwọn ilé iṣẹ́ ìsanwó sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2020, nínú àwọn ilé iṣẹ́ ìsanwó, àwọn tó gba àṣẹ owó orí fóònù nìkan ló lè di owó aráàlú mú, ₦2 bílíọ̀nù sì ni owó ìdásílẹ̀ wọn. Àwọn tó ń kó oníPOS jọ sábẹ́ ara wọn, tí wọ́n ń pè ní super-agent, ₦50 mílíọ̀nù ni tiwọn, wọn kò sì gbọ́dọ̀ di owó oníbàárà mú. Bí wọ́n bá ti àkáǹtì yín pa, ẹni tó ta ẹ̀rọ fún yín lè má mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ wo orúkọ tó wà nínú ìwé àdéhùn, kì í ṣe èyí tó wà lára agboòrùn.

Ṣáájú àpérò, ẹ pe ara yín jọ ní Abẹ́òkúta níbí. Wákàtí méjì tó, èèyàn 15 sí 20 láti àdúgbò tó yàtọ̀ síra, kí Àsérò àti Adátán má gbẹ́yìn. Ẹ fa ìlà sórí ìwé: nọ́ńbà abala, ohun tó sọ, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó sọ, ìdí. Abala mẹ́ta ti pọ̀ tó. Ẹnì kan ni kó sọ̀rọ̀, ẹnì kejì kó máa kọ èsì àti orúkọ ẹni tó fún yín ní èsì náà. Bí àpérò bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ní Victoria Island, ẹ sùn Èkó mọ́jú. Ojú ọ̀nà kò ṣeé fọkàn tán.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan tẹ́ ẹ bá padà dé, ẹ kọ lẹ́tà tó mẹ́nu ba ohun tí wọ́n dáhùn níbẹ̀, ẹ so ẹ̀dà ìwé àkọsílẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀ka CBN tó ń rí sí ètò ìsanwó. Ẹ tẹ ẹ̀dà kejì, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka CBN tó wà ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí tiyín, kí ọjọ́ tí wọ́n gbà á hàn ketekete.